A jẹ́ pé… Bí ẹ ṣe lè fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tí ẹ rò, ohun tí ẹ fura sí àti ohun tó dá yín lójú

Ní òru ọjọ́ kan, nílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo wọ yàrá ìyá kan, mo bá wọn nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọn ò pariwo, wọn ò fara pa, wọ́n kàn ń wò mí. Mo pe nọ́ọ̀sì, a yẹ ara wọn wò, a gbé wọn padà sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì jókòó, mo kọ ọ́ sílẹ̀: "She fell out of bed at 3 a.m."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀gá wa pè mí, ọmọbìnrin kan tí mo fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá jù lọ. Ó ní ṣé ó ṣojú mi nígbà tí ìyá ṣubú? Mo ní rárá. Ó ní ta ló wá sọ fún mi pé wọ́n ṣubú? Ta ló sọ pé orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti já bọ́? Ta ló sọ pé aago mẹ́ta ni? Ṣé wọn ò lè dìde, kí wọ́n rìn dé ìdí fèrèsé, kó tó di pé ó rẹ̀ wọ́n? Ẹnu mi wọhò. Ohun tí mo rí ò ju pé ìyá wà nílẹ̀. Èyí tó kù, èmi ni mo fi ti ara mi parí rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí n kọ ni: "Found on the floor beside the bed at 3.05 a.m. Not witnessed." A bá wọn nílẹ̀, kò ṣojú ẹnikẹ́ni, ó parí.

Ó dùn mí, kí n má purọ́. Ọdún bíi mélòó kan ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ tó ń múra JAMB ní Use of English n'Íbàdàn kí n tó kúrò nílé, mo sì rò pé kò sí "infer", kò sí "conclude" tí mi ò lè túmọ̀ lójú oorun. Àṣé ìtumọ̀ wọn ni mo mọ̀, mi ò mọ ìwọ̀n wọn.

Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu wa ojoojúmọ́, "mo rò pé" ló ń ru ẹrù tó pọ̀ jù. Ìyá aláta lè rò pé òjò máa rọ̀, dókítà lè rò pé ibà ni, bàbá onílé lè rò pé àwa la ba ẹ̀rọ omi jẹ́. Ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ojú rẹ̀ ló máa jẹ́ ká mọ bó ṣe dá a lójú tó. Bí ọ̀rọ̀ bá wá fẹ́ hàn kedere, a ó mú "a jẹ́ pé" jáde: ilẹ̀ tutù, a jẹ́ pé òjò ti rọ̀. Kì í ṣe pé Yorùbá ò ní ọ̀rọ̀ míì. A ní fura, a ní wòye, a ní méfò, a ní fojú díwọ̀n. A kàn kì í fi dandan lé e pé kí èèyàn yan èyí tó bá ẹ̀rí ọwọ́ rẹ̀ mu. Gẹ̀ẹ́sì ń fi dandan lé e, pàápàá bó bá ti di ohun tí a kọ sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ibi ọ̀rọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi ẹ̀rí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ya ohun tí ojú yín rí sọ́tọ̀

Ẹ jẹ́ ká lo ìkòkò ọbẹ̀. Ẹ se ọbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, ẹ ka ẹran inú rẹ̀, ó jẹ́ mẹ́wàá. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú ẹ ṣí i, ó ku mẹ́jọ. Ọmọrí ìkòkò ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Epo kán tótó láti ìdí sítóòfù dé ẹnu ọ̀nà yàrá àwọn ọmọ. Tóbi, ọmọ yín ọkùnrin, ń sùn, epo wà lápá aṣọ tó fi sùn.

Kí lẹ rí? Ẹ rí ẹran mẹ́jọ, ẹ rí epo, ẹ rí ọmọrí tó yẹ̀. Ẹ ò rí olè. Ọ̀rọ̀ tó wà fún irú èyí ni "see", "find" àti "notice": "I found eight pieces in the pot." "I noticed oil on the floor." "There was a stain on his sleeve." Kò sí ẹjọ́ kankan nínú wọn.

Ẹ ṣọ́ra fún "realise" àti "discover". Àwa ọmọ Nàìjíríà fẹ́ràn "I discovered that" bí ẹní fẹ́ràn iyọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ "I discovered that Tobi stole the meat" ti sọ pé òótọ́ pọ́ńbélé ni, kò ku nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni máa wádìí mọ́. Ọmọ ò tíì jí lójú oorun, ẹ ti dá a lẹ́bi.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wọn ẹ̀rí yín, kí ẹ tó mú ọ̀rọ̀

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ẹ jẹ́ ká lọ láti orí èyí tó fúyẹ́ jù.

"Guess" ni méfò. Ẹ ò ní nǹkan kan lọ́wọ́, ẹ kàn ju òkò sínú òkùnkùn. Bí àlejò bá bi yín ta ló jẹ ẹran kí ẹ tó rí epo kankan, "I guess it was one of the children" ni. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń lo "I guess" fún ohun tí wọ́n tilẹ̀ mọ̀ dáadáa, bí a ṣe ń fi "bóyá" mú ọ̀rọ̀ rọlẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dàrú mọ́ yín lójú.

"Assume" ni kí ẹ mú nǹkan bẹ́ẹ̀ láì yẹ̀ ẹ́ wò. Látinú èdè Látìn ló ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ kò sì jìnnà sí "mú". Ẹ mú un pé ìyàwó yín ti sanwó iná, ẹ ò bi í, iná wá lọ: "I assumed you had paid." Kò sí ẹ̀rí kankan níbẹ̀, ìfọkàntán ni. Ohun tí mo ṣe ní òru ọjọ́ yẹn gan-an nìyí.

"Presume" jọ ọ́, ṣùgbọ́n ìdí wà nílẹ̀ tí ẹ fi mú un bẹ́ẹ̀, bó jẹ́ àṣà, bó jẹ́ òfin. Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, abala 36, sọ pé kí a ka ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn sí aláìṣẹ̀ títí wọ́n á fi fi ẹ̀rí hàn pé ó jẹ̀bi. "Presumed innocent" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Bákan náà ni ẹni tí àwọn tó yẹ kó gbúròó rẹ̀ kò gbúròó rẹ̀ fún ọdún 7, òfin ẹ̀rí lè kà á sí òkú: "presumed dead". Kò sẹ́ni tó rí òkú rẹ̀ o. Bí bàbá bá wọlé lọ́dún kẹjọ, wọ́n á ní kó jókòó kó jẹun.

"Suspect" ni fura, ó sì ti ní ẹ̀rí díẹ̀ lábẹ́: epo wà lápá aṣọ Tóbi, "I suspect Tobi took it." Ibí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣubú, nítorí a máa ń fi "doubt" rọ́pò rẹ̀. "I doubt that Tobi took it" kì í ṣe pé ẹ ń fura sí Tóbi o, ẹ ń gbèjà rẹ̀ ni. Ó túmọ̀ sí pé kò dá yín lójú, ẹ ò rò pé òun ni. Mo rí ẹni tó fi "doubt" kan yìí tú ẹni tó fẹ́ mú sílẹ̀ nínú lẹ́tà sí ọ̀gá iṣẹ́, ó sì ń yà á lẹ́nu pé wọn ò ṣe nǹkan kan.

"Gather" ni kí ẹ ṣa ọ̀rọ̀ jọ lẹ́nu àwọn èèyàn: "I gather you are travelling on Friday." Mo gbọ́ fìrìfìrì pé ẹ ń rìnrìn àjò. "Reckon", tó jọ "mo rò pé", náà wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ óò gbọ́ ọ nínú bọ́ọ̀sì, ẹ óò gbọ́ ọ lọ́dọ̀ kápẹ́ńtà, ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́.

"Infer" ni kí ẹ ti ara ohun tí ẹ rí mọ ohun tí ẹ ò rí. Epo tó kán láti sítóòfù dé ẹnu ọ̀nà yàrá: "I infer that someone carried the meat to the children's room." Ẹ kíyè sí i pé a ò tíì dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí epo ilẹ̀ kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. "Deduce" le jù ú lọ, tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé ni, tí kò sí ọ̀nà àbáyọ: ọmọ mẹ́ta ló wà nínú ilé, ẹ̀gbọ́n sùn sí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà, àbúrò kò tíì lè dìde rìn, a jẹ́ pé Tóbi ni.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni "conclude" tó dé. Látìn ni òun náà, ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kí a ti nǹkan pa ni wọ́n fi ṣe é, ọmọ ìyá kan náà ni òun àti "close". Ẹ ti ilẹ̀kùn, ìwádìí parí. Bí ẹ ò bá tíì ṣe tán láti ti ilẹ̀kùn, ẹ má kọ "I conclude". Bí Tóbi bá sì jí tó jẹ́wọ́, "conclude" ti kọjá ibẹ̀ náà. Ẹ ti mọ̀ ọ́n nìyẹn: "I know."

Àwọn ọ̀rọ̀ tó máa ń bá "conclusion" rìn kò pọ̀: "reach a conclusion", "come to a conclusion", "draw a conclusion from" nǹkan kan, àti "jump to conclusions" fún oníwàǹwára. Wọn kì í sọ pé "make" tàbí "do". Ọ̀kan ṣì kù tó jẹ́ ti ilé wa. Bí ẹbí bá jókòó, tí wọ́n fẹnu kò pé oṣù Kejìlá ni ìgbéyàwó, a máa ń sọ pé "we have concluded that the wedding is in December." Ìyẹn kì í ṣe ìdájọ́ látinú ẹ̀rí, ìpinnu ni: "decided", tàbí "agreed" bó bá jẹ́ pé ẹ jọ fẹnu kò ni.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ má jẹ́ kí "gbọ́dọ̀" tàn yín

"Must" ní iṣẹ́ méjì. Èkíní ni "gbọ́dọ̀": "You must pay." Èkejì ni "ó ní láti jẹ́ pé": "They must be asleep." Iná ilé wọn ti kú, kò sẹ́ni tó dáhùn, ó ní láti jẹ́ pé wọ́n ti sùn. Títí dé ibí, kò sí ìjà.

Wàhálà dé nígbà tí a fẹ́ sọ òdì rẹ̀. A fẹ́ sọ pé kò lè jẹ́ pé wọ́n ti sùn, iná ṣì wà, a ń gbọ́ rédíò. Ọ̀pọ̀ wa á kọ "They must not be asleep." Etí ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì á gbọ́ ọ bíi pé wọn ò gbọdọ̀ sùn, bíi ti ọlọ́dẹ. "They can't be asleep" ló yẹ. Lóòótọ́, àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń lo "must not be" bíi tiwa yìí nígbà míì, ẹ má bá wọn jà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìdánwò tàbí ìwé iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, "can't" ni kí ẹ dì mú.

Fún ohun tó ti kọjá, ẹ fi "have" sí i: "He must have taken it" nígbà tó dá yín lójú gan-an, "He may have taken it" tàbí "He might have taken it" nígbà tó ṣeé ṣe, "He can't have taken it" nígbà tí kò lè jẹ́ òun. Àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn máa ń kọ "must of" nítorí bó ṣe ń dún lẹ́nu wọn. Àṣìṣe ni, àwọn náà ń ṣe é, kò sọ ọ́ di tọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ mọ ẹni tó sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ àti ẹni tó gbọ́ odindi

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Mi ò tíì rí ohun tó la "imply" àti "infer" yé ọmọ ilé ìwé tó òwe yìí. Ẹni tó sọ àbọ̀ ló "imply". Ọmọlúàbí tó sọ ọ́ di odindi nínú ara rẹ̀ ló "infer". Àlejò ní "ṣé ọ̀wọ́n omi yìí ò tíì dé àdúgbò yín?" Ó "imply" pé òǹgbẹ ń gbẹ òun. Ẹ̀yin tí ẹ dìde bu omi, ẹ ti "infer" rẹ̀. Nítorí náà, "What are you inferring?" tí àwọn èèyàn máa ń fi bínú síra wọn kò tọ̀nà: "What are you implying?" ni. Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn sọ?

Ìwà ọmọlúàbí yìí kan náà ló ń já wa kulẹ̀ nínú ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní IELTS. Apá tí wọ́n ti ń ka àyọkà nínú rẹ̀ ní ìbéèrè 40 fún 60 ìṣẹ́jú, irú ìbéèrè kan sì wà níbẹ̀ tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ "True", "False" tàbí "Not Given". Ẹ wo àpẹẹrẹ tí mo fọwọ́ ara mi ṣe yìí. Àyọkà ní: "The market opens at six every morning except Sunday."

"The market opens at six on Tuesdays." "True" ni, ọjọ́ Ìṣẹ́gun wà lára ọjọ́ tó kù.

"The market opens at six every day of the week." "False", nítorí àyọkà yọ ọjọ́ Àìkú sílẹ̀.

"The traders go to church on Sundays." Ibí ni ọmọlúàbí ti ń kú. A mọ̀ pé ọjọ́ Àìkú ni, a mọ ibi tí àwọn èèyàn ń lọ lọ́jọ́ Àìkú, a fi "True" sí i. Àyọkà ò sọ nǹkan kan nípa ṣọ́ọ̀ṣì. Bóyá àwọn ọlọ́jà wà nílé tí wọ́n ń fọṣọ. "Not Given" ni.

Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn tó ń kọ́ lọ́dọ̀ mi báyìí ṣe ni pé kí wọ́n fi ìka sí ọ̀rọ̀ gan-an nínú àyọkà tó fọwọ́ sí ìdáhùn wọn. "False" náà gbọ́dọ̀ ní ibi tí ìka máa dúró sí, ìyẹn ibi tí àyọkà ti ta kò ó. Bí ìka bá ń rìn káàkiri tí kò rí ibi dúró sí, "Not Given" ni. Ti WAEC àti JAMB yàtọ̀ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá kọ "it can be inferred from the passage that", wọ́n fẹ́ kí ẹ ṣí ẹsẹ̀ kan kúrò níbi tí àyọkà dúró sí. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni. Ìdáhùn tó gbọ́dọ̀ rin ẹsẹ̀ mẹ́ta kó tó jóòótọ́, wọ́n fi dẹkùn fún yín ni.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: "wọ́n ní"

Yorùbá ò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. "Wọ́n ní ó ti kó lọ" yàtọ̀ sí "ó ti kó lọ", gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu Gẹ̀ẹ́sì, "apparently" ló súnmọ́ ọn jù: "Apparently, he has moved." Nínú ìròyìn, "reportedly". Bó bá jẹ́ ẹ̀sùn, "allegedly", tàbí "alleged" ṣáájú orúkọ nǹkan. Nínú ìwé ilé ìtọ́jú tàbí ilé ìwòsàn, "she says" tàbí "she reports" ni wọ́n ń lò nígbà tí ẹni tó ń ṣàìsàn bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́: "She reports pain in her left knee." Ẹ ò lè rí ìrora, ẹ lè gbọ́ ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù

Ọ̀rọ̀ kóòtù ti wọ inú ìwé ìròyìn àti orí íntánẹ́ẹ̀tì débi pé ẹni tí kò rí ọgbà kóòtù rí náà ń lò ó. Afurasí ni "suspect", ọlọ́pàá ṣì ń wádìí. Bí wọ́n bá ti gbé e lọ síwájú adájọ́, ó di "defendant" tàbí "accused". Ìgbà tí ilé ẹjọ́ bá dá a lẹ́bi ló tó di "convict". Ẹni tó bá pe afurasí ní "convict" ti bà á lórúkọ jẹ́. Ìró wọn náà yẹ fún àwa tí a gbọ́ ohùn: bí "suspect" àti "convict" bá jẹ́ orúkọ èèyàn, ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹ ó gbé sókè, bí wọ́n bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe, ìparí ni.

"Verdict" jẹ́ ti jury, àwọn ará ìlú tí wọ́n ṣà jọ láti gbọ́ ẹjọ́, 12 ni wọ́n ń lò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Inú èdè Faransé àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, "òótọ́" àti "sísọ" ni wọ́n so pọ̀. Ní Nàìjíríà, adájọ́ fúnra rẹ̀ ló ń dá ẹjọ́, kò sí jury lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí náà ohun tó ń kà ní ìparí ẹjọ́ ni "judgment", bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn oníròyìn ò yé kọ "verdict". "Ruling" ni ìpinnu lórí ọ̀rọ̀ kan láàárín ẹjọ́, bíi ti béèlì. "Sentence" ni ìyà: ẹ̀wọ̀n ọdún mélòó, owó ìtanràn èló. Wọ́n lè dá èèyàn lẹ́bi lónìí kí "sentence" rẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn agbẹjọ́rò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ń kọ "judgment" láìsí "e" láàárín fún ti kóòtù, bí wọ́n tilẹ̀ ń kọ "judgement" fún ti làákàyè.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn l'Ábùjá fagi lé ẹ̀sùn tí ìjọba fi kan Nnamdi Kanu, olórí ẹgbẹ́ IPOB. Agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, Abubakar Malami, dáhùn pé wọ́n "discharged" rẹ̀ ni, wọn ò "acquitted" rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. "Discharged" ni pé wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹjọ́ yẹn. Ìjọba lè rí ọ̀nà míì gbé e padà wá. "Acquitted" ni pé wọ́n dá a láre lórí ẹ̀sùn náà. Ìdí nìyẹn tí àwọn agbẹjọ́rò fi ń fẹ́ gbọ́ méjèèjì pa pọ̀, "discharged and acquitted". Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tún fagi lé ìpinnu ti 2022 náà, ni ẹjọ́ bá tún bẹ̀rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni "guilty" kì í ṣe "liable". Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1995, jury ní Los Angeles sọ pé O.J. Simpson, gbajúmọ̀ eléré ìdárayá Amẹ́ríkà nígbà kan, "not guilty" nínú ẹjọ́ ìpànìyàn. Ní 1997, jury míì nínú ẹjọ́ tí àwọn ẹbí olóògbé pè fún owó gbà-máà-bínú sọ pé ó "liable", owó tó yẹ kó san lé ní mílíọ̀nù 33 dọ́là. Ikú kan náà ni wọ́n ń gbẹ́jọ́ lé lórí, òṣùwọ̀n ẹ̀rí ló yàtọ̀. Fún ọ̀daràn, ẹ̀rí gbọ́dọ̀ kọjá iyèméjì tó mọ́gbọ́n dání, "beyond reasonable doubt". Fún ẹjọ́ owó, ibi tí òṣùwọ̀n bá tẹ̀ sí díẹ̀ ti tó: "balance of probabilities" ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Nàìjíríà, "preponderance of the evidence" ní Amẹ́ríkà. Ẹ tún wò ó pé jury ò sọ "innocent". "Not guilty" ni pé ẹ̀rí ò tó. Kò sọ pé ẹni náà mọ́ bí omi àfàárọ̀pọn.

Ìgbésẹ̀ keje: ìgbà tí ẹ bá ń sọ iye tàbí ìwà

Ẹni tó ti gbé ilé tí kò ní mítà rí ní Nàìjíríà kò nílò kí n túmọ̀ "estimate" fún òun. "Estimated bill" dé, wọ́n fojú díwọ̀n iná tí ẹ lò, ẹ̀yin sì wà nínú òkùnkùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Fífojú díwọ̀n iye ni "estimate". "Assess" ni kí ẹ wò ó fínnífínní kí ẹ tó sọ bó ṣe rí: dókítà ń "assess" ẹsẹ̀ tó wú. "Evaluate" ni kí ẹ sọ bó ṣe níye lórí tó, tàbí bó ṣe ṣiṣẹ́ sí, lẹ́yìn tí ẹ ti wò ó. Láàárín àwọn méjì yìí, kódà àwọn tó ni èdè máa ń pààrọ̀ wọn, ẹ má fi sun oorun àìtó.

"Deem" ni ti lẹ́tà ọ́fíìsì: "if you deem it necessary", bí ẹ bá kà á sí ohun tó pọn dandan. Ìbátan "doom" ni, tí í ṣe ìdájọ́ nígbà àtijọ́, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ọjọ́ ìdájọ́ gan-an ni "doomsday".

Bí wọ́n bá ní ẹ "judgmental", wọn ò yìn yín. Ẹni tó ń dá gbogbo ayé lẹ́jọ́ ni. Ṣùgbọ́n "You have good judgement" jẹ́ ìyìn, ẹ ní làákàyè.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: kíkọ ọ́ sílẹ̀

"So" fún ọ̀rọ̀ ẹnu àti lẹ́tà sí ọ̀rẹ́. "Therefore" fún àròkọ àti ìròyìn iṣẹ́. "Hence" àti "thus" kò burú, ẹ̀ẹ̀kan lójú ìwé ti tó. Àròkọ ọmọ ilé ìwé wa tí "hence" bá pọ̀ nínú rẹ̀ ń dún bí agbẹjọ́rò tó wọ aṣọ àyálò. "In conclusion" kì í ṣe ẹ̀rí, àmì pé ẹ fẹ́ parí ni. Bí kò bá sí ohun tí ẹ ti fi hàn ṣáájú rẹ̀, kò ní bá yín fi hàn.

Ẹ fi ohun kan tó ṣẹlẹ̀ nílé yín lónìí ṣe ìdánrawò. Ẹ kọ ọ́ ní gbólóhùn mẹ́ta: èkíní ohun tí ẹ rí, pẹ̀lú "found" tàbí "noticed", èkejì ohun tí ẹnì kan sọ, pẹ̀lú "says", ẹ̀kẹta ohun tí ẹ̀yin rò, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó fúyẹ́ jù tí ẹ̀rí yín lè gbé. Ẹ tún kà á lọ́jọ́ kejì, kí ẹ wò ó bóyá ẹ̀kẹta ti yọ́ wọ inú èkíní.

Ní ti ìyá òru ọjọ́ yẹn, ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n ń jẹ búrẹ́dì láàárọ̀ tí wọ́n ṣàdédé sọ fún mi pé sálúbàtà àwọn ló wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àwọn bẹ̀rẹ̀ láti wá a, orúnkún wá ń dun àwọn, àwọn bá jókòó. Ìyá tó máa ń gbàgbé orúkọ ọmọ wọn ni wọ́n o. Mo mú ìwé, mo kọ ọ́: "She says she was looking for her slippers and sat down because her knee hurt." Lẹ́yìn náà ni mo tẹ̀ ba, mo yẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wò, mo sì fi gbólóhùn kejì sí i: "One slipper found under the bed."